JÓSẸ́FÙ AYỌ̀ BABALỌLÁ: AWAKỌ̀ KATAKATA TÍ Ó DI AJÍHÌNRERE

Bí a bá dárúkọ Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni agogo ọwọ́, omi àdúrà, àti ogunlọ́gọ̀ èrò tí ó kún Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní ọdún 1930. Àwọn ìrántí wọ̀nyí kò ṣe é fojú rénà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọkùnrin náà àti ìgbàgbọ́ rẹ̀ dájú, àwọn ìgbà tí èrò kò sí lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò wò: ìgbà tí òun nìkan dúró lójú títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ìgbà tí ìjọ tí a bí i sí ní kí ó máa lọ, àti ìgbà tí ó wà lẹ́wọ̀n ní ìlú Benin. Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ohun tí ó gbé ayé rẹ̀ ró ti hàn kedere. Ohun náà ni ìgbọràn. Ìgbọràn sì ní iye tí ènìyàn ń san lé e lórí.

ỌMỌ BABA ÌJỌ

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1904 ni a bí i ní Òdò-Ọ̀wà, nítòsí Ìlọ́fà, ní ibi tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Yorùbá ni àwọn ará ibẹ̀ ní èdè àti ní ìran, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pín ilẹ̀, abẹ́ Ìlọrin, ní apá Àríwá, ni wọ́n fi wọ́n sí. Dáfídì Rótìmí ni orúkọ baba rẹ̀, Màtá Tàlàbí sì ni ìyá rẹ̀. Baba yìí ni Baba Ìjọ ní ilé ìsìn C.M.S. tí ó wà ní ìlú náà.

Ẹni tí ó bá dàgbà ní ìlú kékeré mọ ohun tí Baba Ìjọ jẹ́. Ní àkókò náà, àlùfáà kò pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lè máa bójú tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú, kí ó sì pẹ́ kí ó tó yí padà dé ọ̀dọ̀ ìjọ kan. Baba Ìjọ ni ó wà nílé. Òun ni ó ń parí ìjà láàárín tọkọtaya, òun ni ó ń bẹ aláìsàn wò, òun ni ó ń gba àlejò tí ó bá dé láti ọ̀nà jíjìn, òun náà sì ni wọ́n ń wá bí òrùlé ilé ìsìn bá ń jò. Ọmọ tí ó bá dàgbà lábẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ kò ní ka ìsìn sí aṣọ ọjọ́ ìsinmi lásán. Iṣẹ́ ni yóò mọ̀ ọ́n sí, iṣẹ́ tí kì í tán.

Ní ọdún 1914 ni Jósẹ́fù bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní agbègbè Èkó, lábẹ́ ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò kàwé jìnnà. Nígbà tí ó dé ìwé kẹrin, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn èyí ni ó rí iṣẹ́ gbà ní P.W.D., ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń la títì tí ó sì ń kọ́ afárá.

LÓJÚ TÍTÌ ÌGBÀRÀ-ÒKÈ SÍ ILÉṢÀ

Katakata tí a fi ń tẹ títì ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ńlá ni, ooru omi híhó ni ó ń mú un rìn, àgbá irin tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó sì ń tẹ òkúta mọ́lẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú. Ẹni tí ń wà á ní láti mọ bí a ti ń dá iná sí i, bí a ti ń wo omi rẹ̀, àti bí a ti ń tún un ṣe nígbà tí ó bá dáṣẹ́ sílẹ̀ nínú igbó níbi tí kò sí olùrànlọ́wọ́. Àgbẹ̀dẹ tí ó ti kọ́ wúlò fún un níhìn-ín. Ní ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tí ó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba tí ó sì mọ ẹ̀rọ í wà, ẹni pàtàkì ni láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ó lọ láti Ìgbàrà-Òkè sí Iléṣà ni ó ń bá wọn ṣe ní ọdún 1928.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni oorun kọ̀ láti kùn ún lóru. Àdúrà àti Bíbélì kíkà ni ó ń fi òru ṣe. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá, ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, ẹ̀rọ náà dákú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ ẹ́ wò, kò rí ohun tí ó bàjẹ́ lára rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ohùn tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ó sì pàṣẹ fún un pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó lọ wàásù.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fò dá. Jósẹ́fù kò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ṣiyèméjì, ó fẹ́ pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kò sì gbà títí ìpè náà fi tún padà wá. Nígbà tí ó wá pinnu, àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ kí ó má lọ, nítorí pé awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ó kọ̀, ó sì lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé dojú dé, tí iye owó kòkó wá sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń wá irú iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ náà kiri. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ohun tí ó sì gbé lé ọwọ́ ni ohùn kan tí ẹlòmíràn kò bá a gbọ́.

ILÉ TÍ Ó PADÀ SÍ

Òdò-Ọ̀wà ni ó kọ́kọ́ lọ. Ìtàn tí ìjọ rẹ̀ ń sọ ni pé ó fi eérú kun ara, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ sí ọrùn, ó ń lu agogo káàkiri ìgboro, ó sì ń kéde pé kí àwọn ènìyàn ronú pìwà dà. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n àwọn kan, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ bá a gbàdúrà. Wọ́n ń rí ìran, wọ́n ń lá àlá, wọ́n sì ń gbàdúrà pẹ̀lú ariwo tí ilé ìsìn náà kò mọ̀ rí.

Àwọn aṣáájú ìjọ kò lè gba èyí. Ètò ni wọ́n mọ̀, ìwé àdúrà ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì bẹ̀rù pé bí ẹnikẹ́ni bá lè dìde kí ó sọ pé Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀, ta ni yóò mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí irọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ìparí rẹ̀ ni pé wọ́n ní kí Jósẹ́fù àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e máa lọ. Ilé ìsìn tí baba rẹ̀ jẹ́ Baba Ìjọ fún ni ó ti jáde. Kò ṣòro láti mọ bí ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti rí nínú ilé kan: àgbà tí gbogbo ènìyàn ń kó ẹjọ́ wá bá, ẹjọ́ ọmọ tirẹ̀ ni ó wá di ti gbangba.

Jósẹ́fù kò dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Ó wá àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn bá tirẹ̀ mu, irú wọn sì ti wà. Nígbà tí àrùn lùkúlùkú jà ní ọdún 1918, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn jákèjádò ayé, àwọn ọmọ ìjọ C.M.S. kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ti kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Ṣàdáre jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Olùkọ́ obìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, náà sì wà láàárín wọn, ó ń sọ pé àdúrà àti omi òjò yóò wo àrùn náà sàn. Nígbà tí ó di ọdún 1922, wọ́n yapa kúrò nínú ìjọ C.M.S. lórí ọ̀rọ̀ ìwòsàn àti ìtẹ̀bọmi ọmọ ọwọ́. Wọ́n bá ìjọ kan tí à ń pè ní Faith Tabernacle, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, dọ́rẹ̀ẹ́ nípa ìwé kíkọ síra. Ìjọ yìí ni Babalọlá dara pọ̀ mọ́. Ní ìparí ọdún 1929 ni wọ́n sì ṣe ìtẹ̀bọmi fún un ní Èkó.

ÒKÈ-OÒYÈ

Ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn aṣáájú ìjọ náà péjọ sí Iléṣà láti jíròrò lórí àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ń fa àríyànjiyàn láàárín wọn. Ṣàdáre wà níbẹ̀, Odùbánjọ wá láti Èkó, Isaac Akínyẹlé sì wá láti Ìbàdàn. Babalọlá wà pẹ̀lú wọn. Àwọn ọmọ ìjọ gbà pé níbẹ̀ ni ó ti gbàdúrà sí ọmọ kan tí ó ti kú, tí ọmọ náà sì jí. Bí ìròyìn náà ti tàn kálẹ̀ ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ya dé. Àjíròrò parí láìròtẹ́lẹ̀, ìsọjí sì bẹ̀rẹ̀.

Láti Èkìtì, láti Ìbàdàn, láti Èkó àti láti àwọn ìlú tí ó jìnnà ju ìwọ̀nyí lọ ni wọ́n ti wá. Wọ́n gbé aláìsàn wá, wọ́n gbé ìkòkò omi wá kí ó gbàdúrà sí i, ọ̀pọ̀ sì kó ère àti oògùn wọn wá kí wọ́n dáná sun wọ́n. Àwọn ilé ìsìn mìíràn ní Iléṣà rí i pé èrò àwọn ń dínkù. Ilé ìwòsàn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ti wà ní ìlú náà nígbà yẹn, síbẹ̀ Òkè-Oòyè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé ìyá àti ọmọ wọn lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé irú àkókò tí ó jẹ́. Ìrántí lùkúlùkú kò tíì parẹ́. Láàárín àwọn ọdún tí ó ṣáájú, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ ti jà ní Èkó. Owó orí kò dúró, bẹ́ẹ̀ ni owó kòkó kò tó nǹkan. Ọkùnrin kan wá dé, kò béèrè owó, èdè wọn ni ó ń sọ, ó ń pe Ọlọ́run bí ẹni pé Ọlọ́run wà nítòsí, ó sì ń sọ fún wọn pé omi tí wọ́n pọn lódò tó fún ìwòsàn bí wọ́n bá gbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ náà bá wọn níbi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Láti Iléṣà ni ó ti lọ sí àwọn ìlú mìíràn. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọba ìlú náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ibẹ̀ sì di ilé kejì fún un títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ẹ̀WỌ̀N NÍ BENIN

Ìjọba amúnisìn kò fi ọkàn balẹ̀ wo èrò tí wọn kò fúnra wọn pè. Àwọn aṣáájú ìjọ náà mọ èyí, nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ̀wé sí ìjọ Apostolic Church ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè rí ẹni tí yóò gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba. Ní ọdún 1931, òyìnbó mẹ́ta láti inú ìjọ náà dé sí Nàìjíríà, ìrẹ́pọ̀ sì bẹ̀rẹ̀.

Ìrẹ́pọ̀ yìí kò gba Babalọlá lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1932, lẹ́yìn ìwàásù rẹ̀ ní Òtùo, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, wọ́n fẹ̀sùn kàn án lórí ọ̀ràn àjẹ́. Òfin ìjọba kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni pe ẹlòmíràn ní àjẹ́ ní gbangba. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un, ní ìlú Benin ni ó sì ti lò ó.

Ọ̀ràn yìí ní ojú méjì. Lójú àwọn ọmọ ìjọ, inúnibíni ni, wọ́n sì ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni ń sọ ti àwọn àpọ́sítélì ìgbàanì. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fi orúkọ àjẹ́ pè ní ìlú kékeré, bóyá arúgbó obìnrin tí kò ní alátìlẹyìn, iyì rẹ̀ lè lọ, ilé rẹ̀ lè dahoro. Agbára tí ọ̀rọ̀ wòlíì ní láti gbé aláìsàn dìde náà ni agbára tí ó ní láti wó ẹlòmíràn lulẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ròyìn ayé Babalọlá láìsọ èyí, kò tíì ròyìn rẹ̀ tán. Ohun tí ó dájú ni pé nígbà tí ó jáde, kò wá ibi pamọ́ sí. Ó gbé agogo rẹ̀, ó sì tún mú ọ̀nà pọ̀n.

ỌRỌ̀ KUNÍÌNÌ

Ìdánwò tí ó le jù lọ kò ti ọwọ́ ìjọba wá. Àárín àwọn ará ni ó ti wá. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí wọ́n wá gbé láàárín wọn ń lo kuníìnì láti dènà ibà. Àwọn aṣáájú ìjọ níhìn-ín, tí Odùbánjọ jẹ́ agbẹnusọ wọn, ka èyí sí ìṣubú. Wọ́n ní bí Ọlọ́run bá ń wòsàn, Ọlọ́run nìkan ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn òyìnbó ní tiwọn wí pé Ọlọ́run náà ni ó fún ènìyàn ní ọgbọ́n oògùn. Ó ti di nǹkan bí ọdún 1940 kí ìyapa tó dé pátápátá. Apá kan dúró sínú Apostolic Church. Apá kejì, tí Babalọlá wà nínú rẹ̀, ni ó di Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, tí à ń pè ní C.A.C., tí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 1943. Akínyẹlé ni Ààrẹ, Odùbánjọ ni Alábòójútó Àgbà, Babalọlá sì ni Ajíhìnrere Àgbà.

Níhìn-ín ni ìgbọràn ti di ohun tí ẹlòmíràn ń bá a san owó rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin kan bá fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, òun ni ebi yóò pa. Nígbà tí ó bá kọ̀ láti gbé oògùn mì, òun ni yóò jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ náà bá dé ilé ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná lóru, ọmọ náà kò tíì tó ẹni tí ń yan ìgbàgbọ́. Lónìí, tí a mọ̀ pé ibà ṣì ń pa ọmọdé ní orílẹ̀-èdè yìí, tí oògùn rẹ̀ sì wà, ìbéèrè náà kò tíì di ìtàn àtijọ́. Kò sí iyèméjì pé Babalọlá gba ohun tí ó ń kọ́ni gbọ́ tọkàntọkàn, ó sì fi ara tirẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Akínyẹlé, ẹni tí ó di Olúbàdàn ní ọdún 1955. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọkàn kò sọ ọ̀ràn tí ó wúwo di fífúyẹ́.

ÌGBÉ-AYÉ RẸ̀ ÀTI OPIN RẸ̀

Láàárín gbogbo ìwọ̀nyí, àwọn tí ó bá a rìn jẹ́rìí sí i pé ẹni tí ń gbàdúrà ni, lọ́sàn-án àti lóru, tí ó sì ń gba ààwẹ̀ léraléra. Ó lè wọ inú igbó tàbí gun orí òkè kí ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Àṣà lílọ sórí òkè láti gbàdúrà, tí ó ti wọ́pọ̀ nínú ìjọ Kristẹni ní ilẹ̀ Yorùbá, gbòòrò sí i nípasẹ̀ rẹ̀ àti irú rẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n kò gba ipò Ààrẹ ìjọ. Iṣẹ́ ajíhìnrere ni ó ń ṣe títí. Ọ̀rọ̀ owó, ìwé àti ètò, ó fi sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ. Nínú èyí, ó jọ ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí, tí ó mọ̀ pé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ yàtọ̀ sí ti gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ohun tí ó tún yẹ ní àkíyèsí ni pé ìjọ tí ẹni tí ó fi ìwé kẹrin sílẹ̀ bá wọn dá kò kórìíra ẹ̀kọ́. Wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n sì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí kò bá má mọ̀wé ni ó tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀wé.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1959 ni Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá kú ní ìlú Ẹdẹ. Ẹni ọdún márùn-dínlọ́gọ́ta ni. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sin ín sí, àwọn ènìyàn sì ń lọ síbẹ̀ láti gbàdúrà títí di òní. Ìjọ tí ó bá wọn dá sílẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ní Ìkéjì-Arákejì, lẹ́bàá títì tí ó bá wọn tẹ̀, ní àdúgbò tí wọ́n ti ń sọ pé ìpè náà ti wá, yunifásítì tí ìjọ náà fi orúkọ rẹ̀ sọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọdún 2006. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ nípa òfin, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, mọ́tò sì ń sáré kọjá lójú ọ̀nà náà láti Àkúrẹ́ sí Iléṣà lójoojúmọ́.